Ìkógòsì, Ẹ̀fọ̀n àbí Dáàmù Èrò: èwo lẹ máa fi báìkì lọ lọ́jọ́ kan?

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni gúrúùpù wa ní Adó-Èkìtì máa ń gun báìkì (kẹ̀kẹ́ tá à ń fẹsẹ̀ wà o, kì í ṣe ọ̀kadà) lọ síbi tó jìnnà. A ò pọ̀. Ìgbà tá a pọ̀ jù a jẹ́ méjìdínlógún, ìgbà tá a kéré jù a jẹ́ mẹ́rin, tíṣà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, bọ̀dá kan tó ń tún fíríìjì ṣe wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé òun náà ló ń bá wa wo báìkì tó bá dẹnu kọlẹ̀, àtàwọn ọmọ yunifásítì tí wọ́n máa ń sọ lórí WhatsApp pé àwọn ti múra tán, tó bá wá di aago márùn-ún àárọ̀ ẹ ò ní rí wọn. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí tí ọjọ́ bá ti ń sún mọ́lé: ibo là ń lọ? Kí n tó dáhùn ẹnì kan á ti tẹ̀ ẹ́ pé Ìkógòsì, torí omi gbígbóná, torí fọ́tò.

Èmi ò bá Ìkógòsì jà o. Àmọ́ ohun tí mo ti fi ẹsẹ̀ ara mi kọ́ ni pé kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ ń lọ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè, ibi tí òkè wà nínú ìrìn yẹn ni, ṣé àárọ̀ lẹ máa pàdé ẹ̀ nígbà tí ara ṣì le, àbí ọ̀sán nígbà tí oòrùn ti dúró lágbárí tí omi inú ìgò ti gbóná bíi tíì. Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé wọ́n ní inú òkìtì ni orúkọ Èkìtì ti jáde, ẹni tó bá ti gun báìkì níbí mọ̀ pé wọn ò parọ́ mọ́ wa. Omi kì í sì í gun òkè, ibi tó rẹlẹ̀ ló ń wá lọ, torí ẹ̀ ibi olómi tó bá rẹwà lẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lọ bá, ibi tẹ́ ẹ bá sì sọ̀ kalẹ̀ sí, ẹ̀yin náà lẹ máa gùn ún jáde.

Àbúrò mi kan tó wà ní Colorado l'Ámẹ́ríkà ló jẹ́ kí n máa ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ó fi fídíò ránṣẹ́, òun àtàwọn èèyàn ẹ̀ lórí báìkì nínú àfonífojì kan tí wọ́n ń pè ní Glenwood Canyon, odò Colorado ló gbẹ́ ẹ, ògiri òkúta lọ́tùn-ún lósì, ibi tó ga jù tó nǹkan bíi 400 mítà, ọrùn á dun yín kẹ́ ẹ tó rí òkè ẹ̀. Títì ńlá I-70 gba inú ẹ̀ kọjá, 1992 ni wọ́n parí ẹ̀, wọ́n wá ṣe ọ̀nà tó dá dúró fún báìkì àtẹlẹ́sẹ̀ lẹ́bàá odò, nǹkan bíi 26 km, mọ́tò kankan ò gbọdọ̀ gbabẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni mọ́tò máa ń gbé lọ sókè láàárọ̀, wọ́n á wá máa sọ̀ bọ̀ bí omi ṣe ń ṣàn, títí wọ́n á fi yọ sí Glenwood Springs níbi tí omi gbígbóná wà, wọ́n á bọ́ sódò wọ́n á máa jayé. Ibẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀run rere ṣá, iná jó orí òkè yẹn lọ́dún 2020, nígbà tí òjò wá dé lọ́dún 2021 ẹrẹ̀ àti òkúta ya bo títì, wọ́n tì í pa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Mo wo fídíò yẹn tán mo rẹ́rìn-ín. Àfonífojì tí omi gbígbóná wà ní ìparí ẹ̀, àwa náà ṣáà ní i! Ohun tá ò ní ni ọ̀nà báìkì, àwa àti tírélà la jọ ni títì, kò sì sẹ́ni tó máa gbé wa lọ sókè àfi tá a bá sanwó ẹ̀. Ẹ jẹ́ n wá fi àwọn ọ̀nà wa wé ara wọn bí mo ṣe mọ̀ wọ́n.

Ìkógòsì: ọ̀nà Àrámọkọ àbí ọ̀nà Ìlawẹ̀?

Ọ̀nà méjì ló wọ Ìkógòsì láti Adó tá a máa ń gbà, àwọn méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ jura wọn lọ, nǹkan bíi 50 km ni lílọ nìkan. Ọ̀kan ni Ìyìn, Ìgèdè, Àrámọkọ, lẹ́yìn náà ẹ yà sí Èrìnjìyàn kẹ́ ẹ tó dé Ìkógòsì. Èkejì ni Ìlawẹ̀, Ìgbàrà-Odò, Ìkógòsì. Lórí máàpù ẹ máa rò pé nǹkan kan náà ni. Rárá o.

Ọ̀nà Àrámọkọ lọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà lọ sí Iléṣà àti Ìbàdàn, nítorí náà gbogbo mọ́tò tó ń sáré wà níbẹ̀, kórópè tó ń wá èrò, tírélà tó kó bulọ́ọ̀kù, àwọn jíìpù tí wọ́n ń lọ sí òde ìgbéyàwó tí wọ́n ti pẹ́. Tẹ́ ẹ bá gbéra kí aago mẹ́fà tó lù ní Sátidé, ẹ máa rí ọ̀nà náà lò títí dé Ìgèdè láìsí wàhálà. Lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án, hmm. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé kò síbi tẹ́ ẹ máa dé tẹ́ ẹ ò ní rí oúnjẹ rà, kò síbi tẹ́ ẹ máa dé tẹ́ ẹ ò ní rí fọkanáísà, tó bá rẹ ẹnì kan ó lè dá mọ́tò dúró kó gbé báìkì ẹ̀ sí búùtù kó máa lọlé. Òkè ibẹ̀ kì í ṣe èyí tó ga kan ṣoṣo tẹ́ ẹ máa gùn tán kẹ́ ẹ sinmi, kéékèèké ni wọ́n, ẹ gùn, ẹ sọ̀, ẹ gùn, ẹ sọ̀, bí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà, ẹ ò ní mọ iye tẹ́ ẹ ti jẹ títí inú á fi kún.

Tẹ́ ẹ bá ti yà ní Àrámọkọ ayé á yí padà. Ariwo á dínkù, kòkó á bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, òkè á máa sún mọ́ yín lọ́tùn-ún lósì bí ẹni fẹ́ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń sọ. Kẹ́ ẹ tó wọ Ìkógòsì ibì kan wà tí ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀. Gbogbo wa á dákẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní wa pẹ́dà mọ́, ṣẹ̀rẹ̀rẹ̀ ti wíìlì ẹ̀yìn nìkan lẹ máa gbọ́, báìkì mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, atẹ́gùn tútù á jáde látinú igbó kọlu yín láyà bí ìgbà téèyàn ṣí fíríìjì. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń rántí àbúrò mi àti canyon ẹ̀.

Ọ̀nà Ìlawẹ̀ ní tiẹ̀, ó dákẹ́. Tírélà ò pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin méjì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín kẹ́ ẹ máa sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan láìsí họ́ọ̀nù lẹ́yìn yín, àwọn ọmọdé á máa sáré tẹ̀ lé yín pẹ̀lú ariwo. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti kúrò ní Ìlawẹ̀, láàárín ìlú kan sí ìkejì, ṣọ́ọ̀bù ò pọ̀, ohun tẹ́ ẹ bá gbé dání lẹ máa jẹ. Ibẹ̀ lojú mi ti rí màbo. Ìgbà tá a kọ́kọ́ lọ Ìkógòsì, ọ̀nà Àrámọkọ la bá lọ, a sọ pé ká gba Ìgbàrà-Odò padà torí ó dákẹ́, mo ti jẹ búrẹ́dì kan àti Lacasera láti àárọ̀, mi ò jẹ nǹkan míì, mo ń ṣe bí ọkùnrin. A ò tíì dé Ìgbàrà-Odò tí ẹsẹ̀ mi fi kọ̀. Kì í ṣe pé ó ń dùn mí o, ó kàn kọ̀ ni, bí iná tí NEPA mú lọ, ojú mi ń ṣú, ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí áńdù, mo sọ̀ kalẹ̀ mo jókòó sẹ́bàá títì. Ìyá kan tó ń ti oko bọ̀ ló bá mi níbẹ̀, ó sọ igi orí ẹ̀ kalẹ̀, ó ya ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́fà lára èyí tó wà nínú agbọ̀n ó kó o lé mi lọ́wọ́. Ó wò mí, ó wo báìkì, ó wo ṣòkòtò péńpé tó fún mọ́ mi lára. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló rán ẹ?"

Títí dòní nígbàkígbà tí òkè bá le nínú gúrúùpù, ohun tí wọ́n fi ń pè mí nìyẹn, Ta-ló-rán-ẹ.

Torí náà ohun tí mo máa ń sọ fún èèyàn báyìí nìyí: ẹ gba Ìlawẹ̀ lọ láàárọ̀, nígbà tí ara le tí oúnjẹ àná ṣì wà nínú yín, ẹ gba Àrámọkọ padà níbi tí oúnjẹ àti mọ́tò wà fún ẹni tó bá rẹ̀. Mo mọ̀ pé mọ́tò máa ń pọ̀ lọ́nà Àrámọkọ lọ́sàn-án, òun ni àléébù ẹ̀, ẹ máa tò lẹ́yìn ara yín lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ sì wọ nǹkan tó ń dán. Bẹ́ ẹ bá gbà á bẹ́ẹ̀ ẹ máa rí i pé gígùn jáde kúrò ní Ìkógòsì ló bá yín lọ́sàn-án, kò sí ọgbọ́n tẹ́ ẹ lè ta sí ìyẹn, ọ̀nà yòówù kẹ́ ẹ gbà, inú ihò lẹ wà. Ẹ sinmi dáadáa kẹ́ ẹ tó gbéra, ó kéré tán wákàtí kan àbọ̀.

Omi gbígbóná àbí Àríǹta?

Àwọn kan á tún fẹ́ ṣe méjèèjì. Ìpólé-Ìlọ́rọ̀ tí ìṣàn omi Àríǹta wà kò jìnnà sí Ìkógòsì, lórí báìkì ẹ ò ní pẹ́ débẹ̀. Ìjọra wọn ò ju pé omi ni wọ́n.

Ti Ìkógòsì, ẹ máa dé, ẹ máa san owó géètì, ẹ máa rìn lábẹ́ igi títí dé ibi tí omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ àti omi tútù ti pàdé, ẹ ki ẹsẹ̀ kan síbí ẹ ki ẹsẹ̀ kejì sọ́hùn-ún, ara á tù yín. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wa pẹ́dà fún wákàtí mẹ́ta, mi ò tíì rí nǹkan tó dà bíi kéèyàn ki ẹsẹ̀ bọ omi yẹn. Ẹ̀ẹ̀rùn ni o, òjò ni o, ó ń ṣàn. Àríǹta ní tiẹ̀, ẹsẹ̀ lẹ máa fi gùn ún, òkúta ibẹ̀ ń yọ̀, bàtà báìkì tó ní irin nísàlẹ̀ sì lewu níbẹ̀ ju ìhòòhò ẹsẹ̀ lọ, mo rí nọ́ọ̀sì wa tó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì kó tó bọ́ bàtà. Tó bá jẹ́ August sí October lẹ lọ ẹ máa gbọ́ ariwo omi kẹ́ ẹ tó rí i, ìrì omi á máa fọ́n sí yín lójú. Tó bá jẹ́ February, ẹ kàn máa rí i pé ó ń ro tótótó lára àpáta, ẹ máa bi ara yín pé ṣé èyí la gun 50 km wá wò.

Nítorí náà lásìkò òjò Àríǹta lẹ bá wa lọ, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ Ìkógòsì. Ẹ má ṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan àfi tí mọ́tò bá máa gbé yín padà. A ti ṣe é rí, aago mẹ́jọ alẹ́ la wọ Adó pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù, ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí di Monday.

Ẹ̀fọ̀n ńkọ́?

Ẹ̀fọ̀n-Alààyè wà fún àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ìyà. Mi ò fi ṣeré. Ọ̀nà Àrámọkọ náà lẹ máa bá lọ, dípò kẹ́ ẹ yà sí Èrìnjìyàn ẹ máa lọ tààrà sí Ìtawùrẹ̀, ibẹ̀ ni òkè gidi ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ojú ni, kò sí ọ̀nà tó rẹwà tó o ní gbogbo Èkìtì, òkè lórí òkè, kùrukùru láàárọ̀ ọyẹ́ á bo ìsàlẹ̀ àfonífojì pátápátá, orí òkè nìkan lẹ máa rí tó yọ jáde. Tẹ́ ẹ bá dúró níbẹ̀ ẹ máa mọ ìdí tí àwọn ọmọ Èkìtì Parapọ̀ fi lè bá Ìbàdàn fà á láti 1877 títí dé ìgbà tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, táwọn ọmọ ogun ò sì tú ká títí di 1893. Òkèmẹsí, ìlú Fábùnmi, wà ní agbègbè yẹn náà. Ta ló fẹ́ gbé ìbọn gun irú òkè báyìí lọ bá àwọn tó ń gbé lórí ẹ̀? Àwa gbé báìkì lásán, ẹ wo bá a ṣe ń mí.

Nǹkan tó yàtọ̀ láàárín Ẹ̀fọ̀n àti Ìkógòsì fún gúrúùpù ni pé ní Ẹ̀fọ̀n, kò sí gúrúùpù. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Tẹ́ ẹ bá wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́, ẹni tó wà níwájú ló ń ya atẹ́gùn fún ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ẹni ẹ̀yìn á máa fi agbára tó dín dáadáa sá iye eré kan náà, ìdí nìyẹn tá a fi máa ń pààrọ̀ iwájú ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá kí ìyà má baà jẹ ẹnì kan ṣoṣo. Àmọ́ lórí òkè, ẹ ò sáré tó ohun tí atẹ́gùn máa dá dúró, ìwọ̀n ara yín àti ti báìkì lẹ ń gbé, kò sẹ́ni tó lè bá yín gbé e. Bẹ́ ẹ bá sọ pé kẹ́ ẹ dúró de ara yín lórí òkè, ẹni tó lágbára ń jìyà torí ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ jù, ẹni tí ò lágbára ń jìyà torí ó fẹ́ bá wọn. Ohun tá a máa ń ṣe ni pé kí kálukú gùn ún bó ṣe lè gùn ún, ká pàdé lókè níbi tá a ti fẹnu kò sí. Nítorí náà tó bá jẹ́ pé ẹ̀rín àti ọ̀rọ̀ sísọ lẹ torí ẹ̀ jáde, Ẹ̀fọ̀n ò ní tẹ́ yín lọ́rùn.

Gíà náà tún wà níbẹ̀. Ọ̀nà Ìlawẹ̀, báìkì tó ní gíà mẹ́fà lásán lè gbé yín lọ gbé yín bọ̀. Ẹ̀fọ̀n, tí gíà ẹ̀yìn yín tó tóbi jù ò bá tó eyín 32, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ ẹ máa tì í. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, mo ti tì í rí, bàbá kan tó gun kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí ò ní gíà rárá, tó di iṣu sẹ́yìn, ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a jọ ń kí ara wa kú iṣẹ́.

Ohun tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe ni pé kó kọjá Ẹ̀fọ̀n kó máa sọ̀ lọ sí Ẹ̀rìnmọ̀ torí pé ó fẹ́ wo omi Olúmìrìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Mo mọ̀ pé ó ń wuni, ó ti wọ Ọ̀ṣun báyẹn, ìpele méje lomi náà, àwọn tó gùn ún dé òkè pátápátá á sọ fún yín pé ilẹ̀ Ẹ̀fọ̀n ló wà lórí ẹ̀. Àmọ́ kọ́nà tó wà lójú ọ̀nà yẹn kò dáa, tírélà tó ń sọ̀ níbẹ̀ bíréèkì ẹ̀ máa ń rùn, ẹ máa gbóòórùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí i, tí òjò bá sì ti rọ̀ lálẹ́ iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ máa ń wà nínú kọ́nà, wíìlì tín-ín-rín ò lè dúró lórí ẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ẹ ṣì máa gùn ún padà. Ẹ gbé mọ́tò lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ míì.

Tẹ́ ẹ bá sì ń sọ̀ òkè tó gùn níbikíbi, ẹ má di bíréèkì mú ṣinṣin láti òkè dé ìsàlẹ̀, ríìmù á gbóná, tíúbù lè bẹ́. Ẹ dì í mú, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ dì í mú, ẹ tú u sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì ti dínkù kẹ́ ẹ tó wọ kọ́nà, kì í ṣe nínú kọ́nà.

Dáàmù Èrò

Èyí ni kì í gbé orúkọ lẹ́nu àwọn èèyàn, òun lèmi sì máa ń yàn fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Adó, Ìwòrókò, Ìfàkì, Ìdó, kẹ́ ẹ máa lọ sí apá Mọ̀bà títí dé Ìkùn níbi tí dáàmù wà, ó ju 50 km lọ ní lílọ. Òkè wà o, Èkìtì ṣì ni, àmọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ṣí sílẹ̀, òkè ẹ̀ gùn ṣùgbọ́n kò ga fíofío, gúrúùpù lè wà pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ iwájú bó ṣe yẹ. Láàárọ̀ títí dé Ìwòrókò ẹ máa bá ọ̀kadà àwọn ọmọ yunifásítì jà díẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ ó dẹ̀. Ẹ tún máa kọjá lára ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó, nọ́ọ̀sì wa sọ pé ìdí nìyẹn tóun fi fẹ́ràn ọ̀nà yẹn.

Kò sí àfonífojì níbẹ̀. Ẹ ò ní rí àpáta lọ́tùn-ún lósì. Omi tó tẹ́ lọ súà lẹ máa rí, oko màlúù onímílíìkì Ìkùn nítòsí, ẹyẹ funfun lórí omi, ìdákẹ́jẹ́. Àwọn kan ti bá mi lọ síbẹ̀ tí wọ́n sọ pé ṣé kò jù báyìí lọ. Ó dáa. Àmọ́ àwọn kan náà ni wọ́n ń kọrin lójú ọ̀nà nígbà tá à ń padà bọ̀, lójú ọ̀nà Ìkógòsì mi ò tíì gbọ́ orin ní ìpadàbọ̀ rí.

Ìkẹ́rẹ́ ńkọ́? Ó súnmọ́, ẹ gun un lọ wo òkè Olósùnta láàárọ̀ Sunday kẹ́ ẹ padà jẹun ọ̀sán. Ìdánrawò nìyẹn, kì í ṣe ìrìn ọjọ́ kan.

Ọ̀nà kan wà tí mi ò kà mọ́ àwọn èyí, tí mo sì mọ̀ pé ẹnì kan máa bèèrè: ti inú igbó lẹ́yìn Ìkọ̀lé, apá Òkè-Àkó àti Ìpáò. Nígbà kan ó wà nínú ètò wa, ó dákẹ́, ó rẹwà. Láti January 2024 tí wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà yẹn, a ti yọ ọ́. Ibi yòówù kẹ́ ẹ sì fẹ́ lọ, ẹ sọ fún àwọn Àmọ̀tẹ́kùn àdúgbò ọ̀hún ṣáájú, ẹ má fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lẹ́yìn lóun nìkan, kẹ́ ẹ sì ti wà nílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí tá a ṣe ní Àríǹta ọjọ́ yẹn, a ò gbọ́dọ̀ tún un ṣe mọ́.

Oúnjẹ

Iyán. Uyán lẹ́nu tiwa. Ẹ fi sílẹ̀ di alẹ́. Mo mọ̀ pé ọmọ Èkìtì lẹ jẹ́, èmi náà ni, àmọ́ ẹni tó bá jẹ iyán àti ẹ̀fọ́ rírò ní Àrámọkọ kó tó gun òkè Ìtawùrẹ̀ máa mọ ohun tí ojú ọ̀lẹ ń rí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ̀pà, bọ̀ọ̀lì, búrẹ́dì, díẹ̀díẹ̀ ní ìṣẹ́jú ogójì ogójì, kí ebi tó pa yín ni kẹ́ ẹ jẹ, tó bá ti pa yín tán ó ti pẹ́. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà sínú ìgò omi kan, kẹ́ ẹ fi èkejì sílẹ̀ ní omi lásán. Ọ̀nà Àrámọkọ, ìgò méjì tó torí ẹ máa rí píọ̀ wọ́tà rà. Ọ̀nà Ìlawẹ̀, ẹ mú mẹ́ta.

Kẹ́ ẹ gùn ún padà, àbí kí bọ́ọ̀sì gbé yín?

Ọ̀rọ̀ tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú gúrúùpù wa nìyí. Àwọn kan gbà pé ẹni tí ò gùn ún padà, kò lọ. Èmi ti kúrò níbẹ̀. 50 km sí Ìkógòsì, kẹ́ ẹ wẹ ẹsẹ̀ nínú omi gbígbóná, kẹ́ ẹ jẹun, kẹ́ ẹ wọ bọ́ọ̀sì, ọjọ́ tó dáa ni. 100 km pẹ̀lú òkè lọ́sàn-án, fún ẹni tó ti ń gùn lóṣòṣù ni. Bẹ́ ẹ bá ní ẹnì kan ṣoṣo nínú yín tí kò tíì gun 60 km rí lọ́jọ́ kan, ẹ háyà bọ́ọ̀sì. Ti Èrò, ẹ lè gùn ún padà. Ti Ẹ̀fọ̀n, ìpadàbọ̀ rọrùn ju lílọ lọ torí sísọ̀ ló pọ̀ nínú ẹ̀ títí dé Àrámọkọ, ó sì yani lẹ́nu pé ọ̀nà tó le jù láàárọ̀ lòun ló ṣàánú èèyàn jù lọ́sàn-án.

Tẹ́ ẹ bá máa háyà bọ́ọ̀sì, ẹ dúnàá dúrà ní Adó, lílọ àti bíbọ̀, ìdajì owó ṣáájú ìdajì lẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì sọ fún dírẹ́bà pé báìkì lẹ fẹ́ kó. Àwa ò sọ fún un lọ́jọ́ kan. Ó dé Ìkógòsì, ó rí báìkì mọ́kànlá, ó jáde nínú mọ́tò, ó yí wọn po lẹ́ẹ̀kan, ó ní iye tá a sọ yẹn, ti èèyàn ni, báìkì ò sí níbẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀, ibo la fẹ́ gbà? A san án.

Ẹ yọ wíìlì iwájú, ẹ to báìkì sórí ara wọn pẹ̀lú páálí tàbí fóòmù tìmùtìmù láàárín, kí ẹ̀gbẹ́ tí ṣéènì àti gíà wà máa kọjú sókè, ẹ so ó mọ́ ìdí síìtì pẹ̀lú rọ́bà tíúbù àtijọ́. Wíìlì tẹ́ ẹ yọ, kí kálukú gbé tiẹ̀ sórí itan ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan tá a kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ sẹ́yìn, Adó la dé ká tó mọ̀ pé wíìlì tíṣà wa kan ti kù sábẹ́ igi ní Ìkógòsì.